Láàárín Ẹ̀tẹ̀ àti Làpálàpá: Àlàyé lórí Àìsàn Ẹ́kísímà àti Ìtọ́jú Rẹ̀

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá a máa pa á lówe pé, "A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá." Ẹni tó fi ọ̀ràn ńlá sílẹ̀, tó ń lé ọ̀ràn kékeré kiri, ni wọ́n máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe náà yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ nípa àìsàn, yóò hàn pé ìmọ̀ ìṣègùn wà nínú rẹ̀. Ó to àìsàn awọ ara sí ìpele. Ẹ̀tẹ̀ wà lókè pátápátá, òun ni àìsàn tí ń ba ara jẹ́, tí ń sọ ènìyàn di ẹni ìtanù. Làpálàpá wà nísàlẹ̀, òun ni àìsàn tí ìyá àgbà lè fi ewé pa.

Àìsàn awọ ara kan wà tí kò ní àyè nínú òwe yìí. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í sì í ṣe làpálàpá. Ó máa ń yún ni gidigidi, ó máa ń lọ, ó sì tún máa ń padà wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ni ó ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 5. Ẹ́kísímà ni àwọn dókítà ń pè é. Nítorí pé kò ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ àìsàn mìíràn ni wọ́n fi ń pè é. Orúkọ tí wọ́n bá sì fún un ni ó ń pinnu oògùn tí wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé irú àìsàn tí ẹ́kísímà jẹ́, ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú rẹ̀, àti ewu tó wà nínú ṣíṣi orúkọ rẹ̀ pè. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nítorí pé àwọn ni a sábà máa ń gbé ìwé ìléwọ́ lórí ìlera fún láti túmọ̀ sí Yorùbá, àwọn ni wọ́n sì ń kọ ọ̀pọ̀ ètò ìlera tí à ń gbọ́ lórí rédíò.

2.0 Ìrísí Gẹ́gẹ́ bí Ìpìlẹ̀ Orúkọ

Ìrísí ni Yorùbá sábà máa ń wò kí wọ́n tó fún àìsàn awọ ara lórúkọ: bí ó ṣe tóbi tó, bí ó ṣe rí lójú, àti ibi tí ó jáde sí. Ọ̀nà tó dára ni, nítorí pé àìsàn awọ ara kì í fara pamọ́. Níbi tí ìrísí àti okùnfà bá ti bára mu, orúkọ náà á tọ̀nà, oògùn tó bá tẹ̀ lé e á sì ṣiṣẹ́.

Làpálàpá jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Ohun abẹ̀mí tíńtín tí wọ́n ń pè ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìbátan olú àti ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu, ni ó ń fà á. Ó máa ń jẹ awọ lọ ní róbótó. Etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ó máa ń ràn láti ara ọmọ kan sí ara òmíràn nípasẹ̀ òòyà, aṣọ ìnura àti abẹ onígbàjámọ̀. Ewé asunwọ̀n òyìnbó tí àwọn àgbà ń gún láti fi pa á kì í ṣe ewé lásán. Àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé èròjà tí ń bá fọ́ńgọ́ọ̀sì jà wà nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ti kúrúnà. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ni ó ń gbẹ́ ihò sínú awọ, pàápàá láàárín ìka ọwọ́. Òru ni ó máa ń yún ni jù, kì í sì í pẹ́ tí ó fi ń kárí ilé. Ní ti ẹ̀tẹ̀, bakitéríà ni ó ń fà á. Dókítà ará Norway kan, Gerhard Armauer Hansen, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1873. Ojú àpá ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún ni. Ńṣe ni ó máa ń kú, tí ẹni tó ni ín lè má mọ̀ bí a bá fi òwú kàn án níbẹ̀. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ń gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn láti lo àdàpọ̀ oògùn tí ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn.

Ẹ́kísímà yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí kòkòrò tàbí fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó mú un wá, kì í sì í ràn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó lè gbé ìrísí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀. Oríṣi kan máa ń rí róbótó bíi kọ́bọ̀, ẹni tó bá rí i á sì pè é ní làpálàpá, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ kì í mọ́ bíi ti làpálàpá. Òmíràn máa ń jáde wẹ́wẹ́ káàkiri ara, wọ́n á ní kúrúnà ni. Nígbà tí òmíràn bá ń san, ó lè fi àpá tó funfun ju ìyókù ara lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn àwọn ènìyàn ti máa ń lọ sí ẹ̀tẹ̀. Ìrísí tó jẹ́ amọ̀nà rere fún àìsàn yòókù ni ó ń ṣi ni lọ́nà níbí.

3.0 Irú Àìsàn tí Ẹ́kísímà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí híhó jáde, bí omi ṣe ń hó jáde nínú ìkòkò, ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ ìrísí ni òun náà. Nígbà tí ó di ọdún 1923, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Arthur Coca àti Robert Cooke, ń wá orúkọ fún àwọn àìsàn kan tó máa ń rìn nínú ìdílé, bí ikọ́ fée àti ọ̀fìnkìn tí ń wá láti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Wọn kò dá orúkọ náà sọ. Wọ́n tọ onímọ̀ èdè Gíríìkì kan lọ ní Yunifásítì Columbia, Edward Perry. Ọ̀rọ̀ tó bá wọn wá, atopy, dúró fún ohun tí kò ní àyè, ohun àjèjì. Ní ọdún 1933 ni Fred Wise àti Marion Sulzberger fi ọ̀rọ̀ yìí kún orúkọ oríṣi ẹ́kísímà tó wọ́pọ̀ jù lọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní atopic dermatitis títí di òní. Oríṣi yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Awọ ara dà bí ògiri ilé. Ó ń dá omi ara dúró kí ó má gbẹ, ó sì ń dènà ìdọ̀tí àti kòkòrò kí wọ́n má wọlé. Lára ẹni tó ní ẹ́kísímà, ògiri yìí kò dán dáadáa. Omi inú awọ ń jò jáde, awọ sì ń gbẹ. Ohun tí kò yẹ kó wọlé ń rí àyè wọlé. Ní ọdún 2006, Irwin McLean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, fi hàn pé àléébù nínú jíìnì kan tí ń ṣètò purotéènì tó ń jẹ́ filaggrin wà lára ohun tí ń sọ ògiri náà di ahẹrẹpẹ. Àléébù yìí kò wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà bí ó ti wọ́pọ̀ lára àwọn ará Yúróòpù, èyí tó fi hàn pé ọ̀nà tó ń já sí ẹ́kísímà ju ẹyọ kan lọ.

Ohun kejì ni pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò jà, máa ń gbaná jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n á dìde ogun sí ohun tí kò tó ogun. Ibi tí wọ́n ti ń jà á gbóná, á wú, á sì máa yún. Bí ara bá ń yún, ọwọ́ á lọ síbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń họ ọ́, ògiri tó ti ṣá tẹ́lẹ̀ á tún là sí i. Bí ó bá là sí i, yíyún á tún pọ̀ sí i. Àyípoyípo yìí ni kì í jẹ́ kí ọmọ sùn lóru, òun náà ni kì í jẹ́ kí òbí rẹ̀ sùn. Nínú ìdílé tí ikọ́ fée tàbí irú ọ̀fìnkìn yẹn bá wà, ẹ́kísímà kì í ṣe àjèjì. Ó máa ń fúyẹ́ lára ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n ó lè padà nígbàkúgbà.

4.0 Ìṣòro Ọ̀rọ̀ náà "Pupa"

Ọ̀pọ̀ ìwé ìléwọ́ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ó máa ń sọ pé awọ ara tí ẹ́kísímà mú máa ń pupa. Awọ funfun ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Bí olùtúmọ̀ bá kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé "awọ ọmọ náà yóò pọ́n", ìyá ọmọ á máa wá pípọ́n, kò sì ní rí i. Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìṣòro mìíràn nínú èdè Yorùbá. Pupa ni a ń pe ẹ̀jẹ̀, pupa ni a ń pe epo, pupa ni a sì ń pe ẹni tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé awọ ọmọ òun yóò di pupa lè rò pé ńṣe ni ọmọ náà yóò máa mọ́lẹ̀ sí i.

Lára aláwọ̀ dúdú, ojú ibi tí ẹ́kísímà mú máa ń ṣú ju ìyókù ara lọ, tàbí kí ó rí bí eérú, tàbí kí ó ní àwọ̀ elésè-àlùkò díẹ̀. Ó lè le sókè wẹ́wẹ́ bí awọ adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti họ ọ́ pẹ́, á nípọn, á sì le bí awọ gìgísẹ̀. Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, á bọ́ sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn àti ọrùn ọwọ́. Lára àwọn ènìyàn dúdú, ó tún máa ń mú iwájú orúnkún àti ẹ̀yìn ìgúnpá. Olùtúmọ̀ tó bá fẹ́ kí ìyá ọmọ mọ àìsàn náà gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ìyá ọmọ yóò rí, kì í ṣe ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì rí. Àmì tí kì í tàsé ni yíyún: bí kò bá yún, kò dájú pé ẹ́kísímà ni.

5.0 Ohun tí Àṣìpè Orúkọ Ń Fà

Àpẹẹrẹ kan lè mú ọ̀rọ̀ yìí yéni. Bí nǹkan róbótó kan bá jáde sí ẹ̀yìn orúnkún ọmọ ọdún 3 nígbà ọyẹ́, ìyá rẹ̀ lè pè é ní làpálàpá. Ó lè lọ ra ìpara ní kẹ́míìsì, irú èyí tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀: ọ̀kan fún fọ́ńgọ́ọ̀sì, ọ̀kan fún bakitéríà, ẹ̀kẹta sì jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì tó le. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara ọmọ á mọ́. Ìyá á gbà pé làpálàpá ni lóòótọ́. Kò mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì nìkan ni ó ṣiṣẹ́, àti pé oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ìpara náà kò rí nǹkan kan bá jà. Nígbà tí àìsàn náà bá padà, ìpara yẹn náà ni yóò tún rà. Bí ó bá di oṣù mélòó kan, tí ó ti ń fi pa ojú ọmọ pẹ̀lú, awọ ibẹ̀ á tín-ín-rín, á funfun, iṣan wẹ́wẹ́ á sì hàn. Sítẹ́rọ́ìdì líle yìí kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ewu náà ní ojú kejì. Bí ó bá jẹ́ pé làpálàpá ni ti ọmọ náà ní tòótọ́, sítẹ́rọ́ìdì á pa iná orí rẹ̀, etí rẹ̀ tó ga á lọ sílẹ̀, yíyún á dín kù, ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì á máa tàn kálẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Dókítà pàápàá lè má tètè dá a mọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí oníṣègùn awọ ara fi máa ń ha awọ díẹ̀, tí ó sì ń fi ẹ̀rọ awòhuntíńtín wò ó kó tó fún àìsàn náà lórúkọ.

Bí làpálàpá bá ti kọ̀ tí kò lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà. Àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ó ń ràn. Wọ́n lè dá ọmọ padà sílé láti ilé ẹ̀kọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè kọ̀ láti bá a jókòó. Ìtanù tí ayé àtijọ́ yàn fún adẹ́tẹ̀ ni ó bọ́ sórí ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni. Ó sì yẹ kí a fi kún un pé kò yẹ adẹ́tẹ̀ pàápàá mọ́, níwọ̀n ìgbà tí oògùn ti wà.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni ó dọ̀tí, tàbí pé kòkòrò inú rẹ̀ ni ó ru. Anthony Buckley, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Medicine tó jáde ní ọdún 1985 pé nínú èrò wọn, inú ara ni kòkòrò ń gbé, pé oúnjẹ dídùn ní àpọ̀jù máa ń mú kí ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ, àti pé oògùn kíkorò ni ó ń dá a padà sí ààyè rẹ̀. Èrò yìí ní ìlànà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tìtorí rẹ̀ ka ẹyin, ẹja, ẹ̀pà àti wàrà léèwọ̀ fún ọmọ tó ń dàgbà, ọmọ náà á rù, awọ rẹ̀ kò sì ní yí padà. Òótọ́ ni pé oúnjẹ kan lè máa bá ara àwọn ọmọ kan jà. Àyẹ̀wò dókítà ni ó lè fi oúnjẹ náà hàn, kì í ṣe ìfura.

6.0 Ìtọ́jú

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìtọ́jú ẹ́kísímà náà dúró lórí ààrò mẹ́ta.

Èkíní ni láti tún ògiri ṣe, kí awọ má gbẹ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n fi wẹ ọmọ, kí ìwẹ̀ náà má sì pẹ́. Kànrìnkàn kò dára fún irú awọ bẹ́ẹ̀. Ọṣẹ dúdú, pẹ̀lú gbogbo iyì rẹ̀, kò bá a mu: awọ ara a máa kan díẹ̀, èyí sì jẹ́ ara ààbò rẹ̀, ṣùgbọ́n eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ máa ń pa kíkan náà. Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ tẹ omi ara ọmọ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, kí wọ́n má fi nù ún gbẹ tán. Láàárín ìṣẹ́jú 3, nígbà tí ara ṣì tutù, kí wọ́n fi fasilíìnì tàbí ìpara mìíràn tí kò ní lọ́fínńdà pa á. Òrí dáradára tí wọn kò po nǹkan mọ́ náà wúlò. Ìpara yìí kì í ṣe ohun à ń ṣún lò. Ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbẹ lè lo gíráàmù 250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa fi pa á, títí kan ọjọ́ tí ara bá mọ́.

Èkejì ni láti pa iná tó ń jó lórí awọ. Ní ọdún 1952 ni Marion Sulzberger, tí a ti dárúkọ ṣáájú, àti Victor Witten ròyìn pé hydrocortisone tí wọ́n fi pa awọ ara ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́kísímà. Láti ìgbà náà ni ìpara sítẹ́rọ́ìdì ti jẹ́ òpó ìtọ́jú náà. Agbára rẹ̀ pé oríṣiríṣi, dókítà ni ó yẹ kí ó yan èyí tó tọ́: èyí tó rọ̀ fún ojú àti kọ̀rọ̀ ara, èyí tó le fún ibi tí awọ ti nípọn. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn láti kọ́ni. Èyí tó bá gùn láti oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀là àgbàlagbà dé ṣóńṣó rẹ̀, nǹkan bí ìdajì gíráàmù, tó fún ojú awọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú ìka wọn. Ẹni tó bá ń lò ó lálòjù wà nínú ewu. Ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ débi pé kò lò ó tó náà ń fi ìyà jẹ ọmọ rẹ̀. Láti ọdún 2000 ni oògùn ìpara mìíràn tí kì í ṣe sítẹ́rọ́ìdì, tacrolimus, ti wà, èyí tó wúlò fún ojú àti ọrùn. Ní ọdún 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ dupilumab ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí tiwọn le gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ẹ̀kẹta ni láti yẹra fún ohun tí ń ru àìsàn náà sókè: afẹ́fẹ́ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́, òógùn, aṣọ onírun tí ń gún ara, àti lọ́fínńdà. Kí èékánná ọmọ máa wà ní gígé.

Àmì méjì wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la. Bí ojú ibẹ̀ bá ń ṣe oyún, tí ó sì ń di èépá aláwọ̀ ìyeyè, bakitéríà ti wọ̀ ọ́. Bí omi inú awọ bá sì léròrò pọ̀ lójú kan náà, tí ara ọmọ gbóná, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

7.0 Láti "Pa" dé "Kápá"

Ọ̀rọ̀-ìṣe inú òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni "pa". Ẹni tó pa nǹkan ti parí rẹ̀. Ó bá làpálàpá mu, nítorí pé bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá kú, ó tán. Ẹ́kísímà kò ní ohun tí a lè pa. Ẹni tó bá retí pé oògùn yóò pa á á jáwọ́ nínú ìtọ́jú lọ́jọ́ tí ara bá mọ́. Bí ó bá padà, á sọ pé dókítà kò mọṣẹ́, á gba ibòmíràn lọ, á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣèlérí àwòtán. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ ẹ́kísímà ni "kápá". Ẹni tó ń kápá nǹkan mọ̀ pé ohun náà ṣì wà, ó sì ń bójú tó o lójoojúmọ́.

Ní ti orúkọ, ìlànà méjì tó wọ́pọ̀ nínú ìṣẹ̀dá èdè-ìperí ni àyálò àti àpèjúwe. Àyálò náà, ẹ́kísímà, dára fún ìdánimọ̀, nítorí òun ni aláìsàn yóò gbọ́ lẹ́nu dókítà; ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Àpèjúwe tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá láti máa fi tì í lẹ́yìn ni "ara-yíyún bárakú". Kò dá lórí ìrísí tó ń tanni jẹ. "Ara-yíyún" mú àmì tí kì í tàsé, "bárakú" sì sọ fún ìyá ọmọ ṣáájú pé ìrìn àjò náà jìn. Ó yẹ kí gbólóhùn kan máa tẹ̀ lé e nínú gbogbo ìwé ìléwọ́: "kì í ràn."

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ẹ́kísímà jẹ́ àìsàn tí awọ ahẹrẹpẹ àti ìgbóná àwọn ẹ̀ṣọ́ ara jọ ń fà, pé ó ní ìtọ́jú tó dájú bí kò tilẹ̀ ní àwòtán, àti pé àṣìpè orúkọ ń sọ ìtọ́jú náà di ìpalára. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí a bá gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ lórí ìlera fún níláti bá dókítà jókòó kí ó tó yan ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí dókítà ọdún 1923 ṣe tọ onímọ̀ èdè lọ. Ọ̀rọ̀ kan tí a bá ṣì yàn nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ara ọmọ ọlọ́mọ ni yóò ti hàn.